Wilma Rudolph: Ẹlẹ́sẹ̀ Irin Tó Sáré Ju Gbogbo Obìnrin Ayé Lọ

Bí a bá jókòó ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lálẹ́, tí ọ̀rọ̀ eré ìdárayá bá délẹ̀, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni gbogbo wa máa ń sọ. A ó dárúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jà nítorí wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá béèrè pé ta ni obìnrin àkọ́kọ́ tó sá igba mítà kí ìṣẹ́jú-àáyá 23 tó pé, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Obìnrin náà ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín. Wilma Rudolph ni orúkọ rẹ̀, aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti kú, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ kò bá a kú, nítorí pé ẹsẹ̀ tó fi borí gbogbo ayé, ẹsẹ̀ tó ti rọ nígbà kan rí wà nínú rẹ̀.

ÌBÍ ÀTI ÀÌSÀN RẸ̀

Ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 1940 ni wọ́n bí Wilma ní Saint Bethlehem, ìletò kan lẹ́bàá ìlú Clarksville ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Oṣù rẹ̀ kò pé kí ìyá rẹ̀ tó bí i, kò sì wúwo ju nǹkan bí i kìlógíráàmù méjì lọ. Ed, bàbá rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ aláàárù ní ilé-iṣẹ́ rélùwéè. Blanche, ìyá rẹ̀, ń ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ fún àwọn òyìnbó. Ìyàwó méjì ni bàbá náà fẹ́ tẹ̀léra, ọmọ méjìlélógún ni ó bí, Wilma sì ni ogún nínú wọn. Ẹni tó bá dàgbà ní agboolé yóò mọ bí irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí. Owó kò tó, aṣọ tí ẹ̀gbọ́n bá wọ̀ kù ni àbúrò ń wọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí yóò gbé ọmọ kò wọ́n.

Ọwọ́ yẹn ló sì gbà á là. Nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré, òtútù àyà mú un, ibà tó le mú un, lẹ́yìn náà ni àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ wá kọ lù ú. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ rọ. Nígbà náà, kò tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà àrùn yìí, ọdún 1955 ni èyí tí Jonas Salk ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ di ohun tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ káàkiri ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Dókítà sọ fún wọn pé ọmọ náà kò ní lè rìn mọ́. Ìyá rẹ̀ yarí pé yóò rìn. Ọmọ náà gba ti ìyá rẹ̀ gbọ́.

Ìgbàgbọ́ nìkan kọ́ ni Blanche ní, iṣẹ́ ló ṣe. Ìtọ́jú tí aláwọ̀ dúdú lè rí gbà ní Clarksville kò tó nǹkan, ilé-ìwòsàn tí yóò gba ọmọ náà wà ní Meharry, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Nashville. Ọ̀nà náà jìn tó 80 kìlómítà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún ọdún méjì gbáko, ìyá yìí ń gbé ọmọ rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀, wọ́n á sì jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀, nítorí pé òfin ìyàsọ́tọ̀ ìgbà náà kò gba aláwọ̀ dúdú láyè láti jókòó síwájú. Àwọn dókítà kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ tó rọ kí iṣan rẹ̀ lè sọjí. Nígbà tó délé, ó kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni wọ́n ń pín in láàárín ara wọn láti ra ẹsẹ̀ àbúrò wọn. Wọ́n de irin mọ́ ẹsẹ̀ náà kí ó lè gbé e ró, irin yìí ni Wilma wọ̀ lọ sí ilé-ìwé, tí àwọn ọmọ mìíràn sì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn irin ni ó wá wọ bàtà tí wọ́n ṣe lọ́tọ̀ fún un. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún méjìlá, ó ti bọ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń rìn bí ọmọ aráyé yòókù.

BÍ Ó ṢE DI ELÉRÉ

Ẹni tí wọ́n ti dè mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í fẹ́ jókòó mọ́. Ní ilé-ìwé Burt High School, bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ni Wilma kọ́kọ́ dì mọ́. Bó ṣe ń já síhìn-ín tó ń já sọ́hùn-ún lórí pápá mú kí olùkọ́ tó ń darí wọn, Clinton Gray, sọ ọ́ ní Skeeter, ìyẹn ẹ̀fọn. Níbi ìdíje bọ́ọ̀lù yìí ni Ed Temple ti rí i. Temple ni kóòṣì àwọn obìnrin eléré sísá ní Yunifásítì ìpínlẹ̀ Tennessee ní Nashville, ilé-ìwé àwọn aláwọ̀ dúdú, Tigerbelles ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó rí ọmọbìnrin gíga tínínrín yìí, ó sì pè é pé kó wá máa bá àwọn sá eré ní àkókò ìsinmi.

Ẹ má rò pé Temple ní owó o. Pápá ilé-ìwé náà kò dára, ọkọ̀ ara rẹ̀ ni ó sì fi ń kó àwọn ọmọbìnrin náà lọ sí ibi ìdíje. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ àti ilé ìtura ní gúúsù Amẹ́ríkà ni kò gba aláwọ̀ dúdú láyè nígbà náà, nítorí náà, oúnjẹ inú àpò ni wọ́n ń jẹ lójú ọ̀nà. Síbẹ̀, láti inú ẹgbẹ́ yìí ni 40 eléré ti lọ sí ìdíje Òlíńpíìkì lábẹ́ ọwọ́ Temple, tí wọ́n sì gba àmì-ẹ̀yẹ 23. Ìbáwí ni ó fi ṣe é. Ẹni tó bá pẹ́ dé ibi ìgbáradì yóò fi ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó fi pẹ́ sá yípo pápá lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ kan, oorun gbé Wilma lọ, ó fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ́, ó sì yí pápá po lọ́nà ọgbọ̀n. Ní ọjọ́ kejì, òun ló kọ́kọ́ dé. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wọ kíláàsì aago mẹ́jọ ní aago mẹ́sàn-án, ẹ gbọ́ o.

Ní ọdún 1956, nígbà tí Wilma jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún péré, ó wà lára àwọn tí Amẹ́ríkà kó lọ sí ìdíje Òlíńpíìkì ní Melbourne, ilẹ̀ Ọsirélíà. Wọ́n já a bọ́ nínú eré igba mítà ní ìpele àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n nínú eré rílè, èyí tí ènìyàn mẹ́rin máa ń sá tí wọn á máa gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ. Ó mú un padà sí ilé-ìwé rẹ̀, ó fi han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì fi í sọ́kàn pé wúrà ni òun yóò mú bọ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin.

OHUN TÓ FẸ́RẸ̀Ẹ́ DÁ A DÚRÓ

Ibí yìí ni ìtàn náà ti kan àwa tí a wà ní ilé-ìwé gíga gan-an. Kí Wilma tó wọ yunifásítì, ó lóyún, ó sì bí ọmọbìnrin kan, Yolanda, ní ọdún 1958. Gbogbo wa la mọ ohun tí àwùjọ máa ń ṣe fún ọmọbìnrin tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti ti ìwé wọn pa nítorí rẹ̀, tí ẹni tó fún wọn lóyún sì ń bá tirẹ̀ lọ. Òfin Temple pàápàá ni pé òun kò ní gba ìyálọ́mọ sínú ẹgbẹ́ òun. Ṣùgbọ́n ó yẹ òfin náà sílẹ̀ fún Wilma. Àwọn ẹbí rẹ̀ sì gba ọmọ náà tọ́ kí ìyá rẹ̀ lè lọ kàwé. Wọn kò yìn ín fún ohun tó ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tìtorí rẹ̀ jù ú nù. Ká ní wọ́n jù ú nù ni, kò sí ẹni tí ì bá mọ orúkọ Rudolph lónìí. Ó wọ yunifásítì, ó ń kọ́ nípa iṣẹ́ olùkọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ wákàtí méjì lójúmọ́ nínú ọgbà ilé-ìwé láti fi san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ àti ìwé ni ó ń sá eré.

RÓÒMÙ, 1960

Ní ọjọ́ 9 oṣù keje ọdún 1960, níbi ìdíje kan ní Corpus Christi ní ìpínlẹ̀ Texas, Wilma sá igba mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 22.9. Kò sí obìnrin kankan tó tíì sá a kí 23 tó pé rí. Àkọsílẹ̀ ayé tuntun nìyẹn, kò sì pé oṣù méjì mọ́ kí ìdíje Òlíńpíìkì bẹ̀rẹ̀ ní Róòmù.

Nígbà tí wọ́n dé Róòmù, ó ku ọ̀la kí ó sá eré àkọ́kọ́ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kó sínú ihò kan lórí koríko, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú. Wọ́n fi aṣọ dì í. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án, ó sá ọgọ́rùn-ún mítà ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ní ìṣẹ́jú-àáyá 11.3, èyí tó bá àkọsílẹ̀ ayé ìgbà náà dọ́gba. Ní àṣekágbá lọ́jọ́ kan náà, ó sá a ní 11.0, ó sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Dorothy Hyman ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe ìkejì.

Ẹ ó rò pé 11.0 yìí di àkọsílẹ̀ ayé. Rárá o. Òfin eré sísá sọ pé bí afẹ́fẹ́ tó ń ti eléré láti ẹ̀yìn bá ju mítà méjì lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n wọn kò ní ka àkókò náà mọ́ àkọsílẹ̀ ayé, nítorí pé atẹ́gùn ti bá a sá lára eré náà. Ti ọjọ́ yẹn jẹ́ nǹkan bí i mítà 2.75. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án, wọ́n sá àṣekágbá igba mítà, lọ́tẹ̀ yìí, iwájú ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ lù wọ́n. Ìṣẹ́jú-àáyá 24.0 ni Wilma lò, èyí tó pẹ́ ju ti Texas lọ, síbẹ̀ kò sí ẹni tó sún mọ́ ọn. Ẹ wò ó: èyí tó yá jù kò wọ ìwé, èyí tó pẹ́ sì fún un ní wúrà kejì. Ẹni tó bá fi òǹkà nìkan wọn eléré yóò ṣi ìwọ̀n.

Ó ku rílè. Martha Hudson, Lucinda Williams, Barbara Jones àti Wilma ni àwọn mẹ́rin náà, ọmọ Temple sì ni gbogbo wọn. Ní ìpele àkọ́kọ́, wọ́n fi 44.4 dá àkọsílẹ̀ ayé tuntun sílẹ̀. Ní àṣekágbá, nígbà tí Jones fẹ́ fi ọ̀pá lé Wilma lọ́wọ́, ọ̀pá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ká ní ó bọ́ ni, gbogbo rẹ̀ ti parí. Wilma rá a mú, àmọ́ ọmọ ilẹ̀ Jámánì ti wà níwájú. Ó lé e, ó bá a, ó kọjá rẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 44.5 ni wọ́n lò. Báyìí ni ó ṣe di obìnrin Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó gba wúrà mẹ́ta nínú eré orí pápá ní ìdíje Òlíńpíìkì kan ṣoṣo. Àwọn ará Ítálì sọ ọ́ ní àgbọ̀nrín dúdú. Ní Róòmù kan náà ni ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Cassius Clay, tó wá di Muhammad Ali, ti gba wúrà nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, tí Abebe Bikila ọmọ Etiópíà sì fi ẹsẹ̀ lásán borí nínú eré ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n gbé e dé ọ̀pọ̀ ilé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn tí kò tíì rí obìnrin dúdú lókè rí rí i lọ́jọ́ náà.

ÌJÀ TÓ JÀ NÍLÉ

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960 ni Nàìjíríà gba òmìnira. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 4, Wilma wọ Clarksville, ìlú ibi tí òun àti ìyá rẹ̀ ti ń jókòó sẹ́yìn bọ́ọ̀sì. Ìlú fẹ́ ṣe ìwọ́de àti àsè ńlá fún un. Ètò tí àwọn aláṣẹ ní lọ́kàn ni pé kí aláwọ̀ funfun wà lọ́tọ̀, kí aláwọ̀ dúdú wà lọ́tọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Wilma, ọmọ ogún ọdún, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ ya àwọn ènìyàn sọ́tọ̀, òun kò ní yọjú. Wọ́n gbà fún un. Ìwọ́de ọjọ́ náà àti àsè alẹ́ rẹ̀, tí àwọn tó wá síbẹ̀ lé ní 1,000, ni ayẹyẹ ìlú àkọ́kọ́ ní Clarksville tí dúdú àti funfun ti jókòó pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n bá fún ní àsè, tí yóò jẹ ẹ́ tán kó tó rántí àwọn tí wọ́n dúró síta.

Ní ọdún 1961, ó padà sórí pápá. Ní oṣù keje ọdún náà, ní Mọsíkò, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sá rílè ní 44.3, àkọsílẹ̀ ayé tuntun. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà, ní Stuttgart ní ilẹ̀ Jámánì, ó sá ọgọ́rùn-ún mítà ní 11.2. Lọ́tẹ̀ yìí, afẹ́fẹ́ kò gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: ó wọ ìwé. Ààrẹ Kennedy gbà á lálejò ní ilé ìjọba ní ọdún yẹn. Ní ọdún 1962, lẹ́yìn tó borí nínú ìdíje láàárín Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ní Stanford, ó bọ́ bàtà eré sílẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Kò fẹ́ kí wọ́n lé òun kúrò lórí òkè, òun fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀.

Ní ọdún 1963, ó gba ìwé-ẹ̀rí yunifásítì rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìjọba Amẹ́ríkà rán an wá sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, níbi tó ti lọ sí ìdíje ọ̀rẹ́ ní Dakar ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà. Nígbà tó padà délé ní oṣù karùn-ún, ilé oúnjẹ kan ní Clarksville kò gbà kó wọlé nítorí àwọ̀ rẹ̀, òun tí gbogbo ìlú tò sí ọ̀nà kí ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Òun àti àwọn ọ̀dọ́ mìíràn fi ẹ̀hónú hàn, kò sì pẹ́ tí olórí ìlú fi kéde pé àwọn ilé oúnjẹ ìlú náà yóò máa gba gbogbo ènìyàn.

ÌGBẸ̀YÌN RẸ̀

Kò sí owó nínú eré sísá nígbà náà. Òfin kò gbà kí eléré Òlíńpíìkì gba kọ́bọ̀. Wilma ṣe olùkọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó kọ́ àwọn ọmọ ní eré sísá ní Burt, ilé-ìwé tó ti jáde. Ó fẹ́ ọkọ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ìgbéyàwó méjèèjì kò sì dúró. Ọmọ mẹ́rin ni ó bí, òun ló sì tọ́ wọn. Ó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn nítorí iṣẹ́. Wúrà mẹ́ta wà nínú àpótí, síbẹ̀ ó ní láti wá ohun tí àwọn ọmọ yóò jẹ. Ní ọdún 1981, ó dá àjọ kan sílẹ̀ ní Indianapolis láti máa kọ́ àwọn ọmọ tálákà ní eré ìdárayá lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ yìí ni ó kà sí èyí tó tóbi jù nínú ayé rẹ̀.

Ní ọdún 1994, ìyá rẹ̀ kú. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n rí jẹjẹrẹ inú ọpọlọ lára Wilma. Ó kú ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 1994, lẹ́ni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Wọ́n sin ín sí Clarksville. Òpópónà ńlá kan ní ìlú náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

OHUN TÓ KÙ

Àwọn àkọsílẹ̀ ayé tí Wilma fi lélẹ̀ ti ṣubú tipẹ́. Florence Griffith Joyner, ọmọ Amẹ́ríkà bíi tirẹ̀, sá ọgọ́rùn-ún mítà ní 10.49 àti igba mítà ní 21.34 ní ọdún 1988. Òun náà kú ní ọdún 1998. Bí àkọsílẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ẹnìkan á gbé e kalẹ̀, ẹlòmíràn á gbé e kọjá.

Àwa náà ti wọ inú ìwé yìí. Falilat Ogunkoya sá irinwó mítà ní 49.10 ní Atlanta ní ọdún 1996, ó sì gba idẹ. Ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 2022, ní Eugene ní Amẹ́ríkà, Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá eré afifo-igi ọgọ́rùn-ún mítà ní 12.12 ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, àkọsílẹ̀ ayé tuntun. Ní àṣekágbá lọ́jọ́ kan náà, ó sá a ní 12.06, ó sì gba wúrà. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ mítà 2.5, nítorí náà wọn kò ka 12.06 yẹn mọ́ àkọsílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Wilma ní Róòmù gẹ́lẹ́ ló ṣẹlẹ̀ sí ọmọ wa ní ọdún méjìlélọ́gọ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Atẹ́gùn mú òǹkà lọ, kò lè mú ipò kìíní lọ.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, a jìnnà sílé, ẹrù ìwé sì wúwo. Ẹlòmíràn nínú wa ti fi ìdánwò kan gbálẹ̀, ẹlòmíràn ti ṣe àṣìṣe tó ń tì í lójú. Ẹ rántí ẹsẹ̀ tí wọ́n de irin mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má gbàgbé pé kò dá nìkan sáré: ìyá rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ra ẹsẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ gba ọmọ tọ́, kóòṣì rẹ̀ yẹ òfin sílẹ̀. Bí a bá rí ẹlẹgbẹ́ wa tó ń tiro nínú ọgbà yìí, ẹ má jẹ́ kí a fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ kí a bá a ra ẹsẹ̀ rẹ̀. A kì í mọ ẹni tí yóò sáré lọ́la.

Ire o.